Kọ́kọ́rọ́ Tí Àkànjí Fi Lé Mi Lọ́wọ́

Samusideeni Àkànjí, ọmọ Oníkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn, tó jẹ́ gbangba iwájú ní í fi í gbọfà. Ọkọ Sàlámátù, bàbá Rájí, ẹni tí ń fi orin wo ọmọ tí òbí ti kọ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo pa wọ́n. Ẹ̀yìn ni mo sì ti lù wọ́n. Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi, irun mi ti funfun tán nínú yàrá tí mo ti ń dúró de okùn. Mi ò ní dárúkọ ara mi. Ó ń rùn lẹ́nu mi.

Olè ni mo jà ní kékeré tí wọ́n fi mú mi lọ sílé àtúnṣe àwọn ọmọ aṣẹ̀sófin lẹ́bàá Ìbà. Níbẹ̀ ni Bàbá Àkànjí ti ń kọ́ wa ní agídìgbo, àpótí onírin tí à ń fi ìka lù. Ọmọ tó bá jà lónìí ni yóò kọ́kọ́ lù ú, títí inú rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ẹni tó bá sì burú jù ní í mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ohun èlò dání, ọ̀kan ṣoṣo tó wà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n nà án sí mi.

"Bàbá, èmi olè?"

"Ìwọ gan-an. Ta ló mọ ìṣọ́ ju olè lọ, Oníkọ́kọ́rọ́?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sùn láìlálàá ẹgba. Nígbà tí ọdún mi pé, wọ́n ní kí n dúró máa ṣiṣẹ́. Wọn ò gba kọ́kọ́rọ́ náà.

Owó epo dé. Ìjọba ra fèrè idẹ mẹ́rin fún wa. Lásún tó ń kọrin ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Òkòkòmáìkò wá mi rí.

"Àbúrò, yá mi lọ́kan, Sátidé péré. Àbí bàbá ẹ ló ni ín? Ti gọ́fúménti mà ni!"

Bàtà gogoro ló fi tù mí lójú. Ẹ wo ohun tí mo ta ara mi fún: bàtà! Fèrè ò padà. Lásún tún fẹ́ mẹ́ta yòókù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ti ṣí yàrá náà láàárọ̀. Lọ́sàn-án, mo rò pé gbogbo àgbà ti lọ kírun ní Igbó-Elérin, mo yọ́ wọlé. Bàbá Àkànjí wà níbẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń tún agídìgbo Múfú ṣe, ọmọ kékeré tí kì í sùn bí kò bá lù ú.

"Oníkọ́kọ́rọ́, mo mọ ìrìn ẹ. Wá bá mi di irin yìí mú." Wọn ò wẹ̀yìn. "Fèrè tó o yá Lásún ńkọ́? Lọ gbà á wá, ọmọ mi, mi ò tíì sọ fẹ́nì kan."

Wọ́n ti mọ̀! Òòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo lu orí tó kọ́ mi lórin bí ẹni ń pa ẹ̀kùrọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn, mo sá. Nígbà tí àwọn èèyàn fọ́ ilẹ̀kùn, mo padà wá bá wọn sunkún, èmi ẹlẹ́gbin.

Mo gbé òkú pẹ̀lú wọn. Létí sàárè, Múfú fà mí láṣọ.

"Bọ̀ọ̀dá Oníkọ́kọ́rọ́, ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ Bàbá?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá fọkàn tán yín nígbà tí gbogbo ayé ń pè yín lólè, ẹ má tà á. Ẹ wò mí, ẹ tutọ́, kí ẹ yà lọ́nà mi.

Ọjọ́ Sátidé, kí oòrùn tó kan àtàrí, ni wọ́n sin Samusideeni Àkànjí sí Ọ̀tọ̀-Àwórì.