Ọmọ Ayò Kan Tí Mo Gbé Mì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó bú mi. Ohun kan ń wúwo lọ́kàn mi. Ká má parọ́, inú ikùn ló kọ́kọ́ dé kó tó gun ọkàn lọ.

Mi ò bá má sọ ọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ kan fẹ́ gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì máa fi ṣẹ̀sín níbẹ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Mi ò ní dárúkọ. Bàbá Ìbejì ni kí ẹ máa pè mí. Igbó-Ọrà ni mò ń gbé. Bí ẹ bá pariwo "Bàbá Ìbejì" ládùúgbò wa, ìdajì àwọn ọkùnrin ló máa dáhùn, àwọn tó kù á ní kí ẹ ní sùúrù, ìyàwó àwọn ò tíì bí ni. Ẹ ò lè rí mi mú.

Iṣẹ́ fọkanáísà ni mò ń ṣe, mò ń lẹ táyà ọ̀kadà. Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Mo ka ìkẹrin lẹ́ẹ̀mejì kó lè wọlé dáadáa, kò wọlé. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ju àwọn tó kàwé lọ ni ayò. Lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀ta ni wọ́n ń pè mí, torí ẹni tó bá mọ ayò ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n bá ń nà ni òpè. Títíṣà, lọ́yà, pásítọ̀, gbogbo wọn ni mo ti sọ di òpè. Ìyàwó mi máa ń sọ èmi náà di òpè nílé, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ti ayò.

Délé, ọmọ títíṣà kan ládùúgbò wa, ló ti ilé ìwé gíga dé. Ó ní òun ti kọ́ kọ̀ǹpútà òun ní ayò títa. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dán an wò. Bí kò bá lè na yín, á jẹ́ pé iṣẹ́ ṣì kù."

Mo ní kó lọ sọ fún kọ̀ǹpútà kó jẹun kánú kó tó wá. Mo tún sọ fún gbogbo ọlọ́kadà kí wọ́n wá wòran. Ẹnu mi yìí ló fà á. Ẹnu mi yìí náà ló jìyà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tá a fi àdéhùn sí, èrò pé bí ẹni pé wọ́n ń pín nǹkan. Bàbá Ọdẹ, àgbà tó máa ń dá ẹjọ́ ayò fún wa, jókòó sórí àga. Ọpọ́n mi la lò. Kọ̀ǹpútà ò lójú, kò lọ́wọ́. Bí mo bá ti ta, Délé á wo ilé tí mo ti kó ọmọ, á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á mú ilé tó fẹ́ ta, Délé á bá a ta á lórí ọpọ́n.

Ẹ mọ̀ pé ayò ò dùn láìsí èébú. Mo kọjú sí kọ̀ǹpútà.

"Òpè! Bàbá ẹ ò tayò rí!"

Ọlọ́kadà kan ní, "Ọ̀ta, kò ní bàbá o!"

"Ẹ ò rí nǹkan! Ta ni ì bá kọ́ ọ?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà ò bínú. Kò làágùn. Kò tiẹ̀ wojú mi. Ọjọ́ tí mo ti ń bú èèyàn, mi ò rí ẹni tó gba èébú báyẹn rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí. Ó jẹ níbí, ó jẹ lọ́hùn-ún. Mo gbọ́ ẹnìkan lẹ́yìn mi tó ní, "Ọ̀ta ti fẹ́ di òpè o." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó wò. Bí wọ́n bá gba ọ̀ta lọ́wọ́ mi, kí ló kù? Pọ́ǹpù?

Ẹ̀pà sísè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mò ń jẹ. Mo kó ọmọ, mò ń ta á lọ. Òfìfo ni ilé tó yẹ kí èyí tó gbẹ̀yìn bọ́ sí. Mo sì rí i pé bó bá ti bọ́ síbẹ̀ báyìí, kọ̀ǹpútà máa ta tirẹ̀ lé e, á di méjì, á sì jẹ ẹ́. Ọwọ́ mi wá ṣe bí ẹni mú ẹ̀pà. Ó gba ẹnu lọ. Ọmọ ayò wọ ẹnu mi, kò sẹ́ni tó rí i.

Kọ̀ǹpútà ta ayò tirẹ̀ wọ ilé yẹn. Délé wo kọ̀ǹpútà, ó wo ọpọ́n, ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, ó ní ọmọ kan ti wà níbí tẹ́lẹ̀. Ó ní òun jẹ ẹ́."

"Ọmọ wo?" àwọn ọlọ́kadà pariwo. "Ṣé ojú wa fọ́ ni?"

Bàbá Ọdẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ilé náà dáadáa. Ó ní, "Ọmọ kan tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ju síbẹ̀ yìí nìkan ni mo rí. Délé, igi ni ọpọ́n. Igi ò mọ irọ́ í pa. Kọ̀ǹpútà rẹ ló ṣì í kà." Ó kọjú sí mi. "Ọ̀ta, ṣé o ta á pé?"

Mi ò lè la ẹnu. Mo kàn mi orí. Wọ́n ní ẹ wo ìwà ìrẹ̀lẹ̀, ẹ wo bó ṣe dákẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta kì í jà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Délé tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n má bínú, àṣìṣe òun ni.

Bàbá Ọdẹ ní ẹni tí kò mọ ọmọ kà, òpè ni, pé èmi ni mo na kọ̀ǹpútà. Ariwo sọ. Ọlọ́kadà kan gbá mi lẹ́yìn gbàà! Eyín mi pàdé ọmọ ayò. Eyín kan níwájú kán, èmi sì gbé òun àti ọmọ ayò mì pọ̀. Omi bọ́ lójú mi. Wọ́n ní ayọ̀ ni.

Ẹ má bi mí bí ọmọ ayò ọ̀hún ṣe jáde. Ó jáde. Mi ò dá a padà sọ́pọ́n. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ìyàwó mi rò pé eegun ẹran ìgbẹ́ ló kán mi léyín, ó sì ti bú Bàbá Ọdẹ tó fún wa lẹ́ran títí. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, màá fọwọ́ bo ẹnu bí ìyàwó tuntun.

Mo rò pé ó tán. Àfi bí Délé ṣe sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan.

"Bàbá, mo ti rí àṣìṣe náà!"

Mo bi í pé àṣìṣe wo. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni òun ti ń wá a. Nígbà tí òun ò rí nǹkan kan, òun kúkú kọ́ kọ̀ǹpútà pé ọmọ kan lè pòórá nígbà tí wọ́n bá ń ta á lọ. Ó gbé e kalẹ̀ pé kí n wò ó. Mo fi ọwọ́ kan nà án, mò ń fi èkejì fa afẹ́fẹ́ sí táyà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ìdèrè nítòsí wa pàápàá ti nà án. Délé ní kò burú, pé ó kéré tán, kọ̀ǹpútà òun ti mọ òótọ́ báyìí. Bó ṣe wà yẹn ló fẹ́ gbé e síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn. Ó ní òun máa sọ fún wọn pé Bàbá Ìbejì ló la òun lójú.

Mo ya ẹnu láti sọ ọ́. Mo rí àwọn ọlọ́kadà lábẹ́ igi. Mo fọwọ́ bò ó padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n pè é sí kọ̀rọ̀ ni, àbí ojú èrò tí mo ti ṣe é náà ni kí n ti jẹ́wọ́? Bí mo bá sọ ọ́ lábẹ́ igi, òpè ni wọ́n máa pè mí dọ́jọ́ alẹ́. Èèyàn tó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ láti fún àwọn ẹlòmíì lórúkọ yẹn, ó yẹ kó lè jẹ́ ẹ. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí ṣá.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwọ Délé lò ń ka èyí, mo bẹ̀ ọ́, má gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Kọ́ ọ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ ò ṣì í kà. Bàbá Ìbejì pọ̀ ní Igbó-Ọrà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Wá bá a lábẹ́ igi, kí o ní kó ya ẹnu.