Fìlà Tí Àdìgún Ṣí

Nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí mo ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, kò sẹ́ni tó ń pe àbúrò mi ní Ọ̀gágun. Àdìgún là ń pè é. Oríkì rẹ̀ nìyẹn. Bàbá tẹ́ ẹ máa ń rí ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, tó ń jókòó síwájú ilé tó ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá, òun ni mò ń sọ. Bàbá tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ yẹn.

Ẹ gbọ́, ó ti ń dákẹ́ tipẹ́. Bàbá wa tètè kú. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ló tọ́ wa ní Ìgèdè, Bàbá Olóbì. Ó ń kó obì lọ sí òkè Ọya, owó obì yẹn náà ló fi rán Àdìgún lọ sílé ìwé. Tá a bá ti Mísà dé lọ́jọ́ Ìsinmi, Àdìgún ti mọ ẹni tí kò wá, ó ti mọ ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Kò ní sọ, àfi tí mo bá bi í… Ó dà bí ìwọ tó o gbé fóònù dání, tó o ń gba ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ yìí, tí o kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n á gba ìwọ náà síṣẹ́ tó lọ ṣe.

Ó wọṣẹ́ ológun. A bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, ó ní òun ń tọ́jú aṣọ àti bàtà ní sítọ́ọ̀. Ìyá wa gbà bẹ́ẹ̀, ó ń sọ ọ́ káàkiri pé ọmọ òun ló ń pín bàtà fún sójà. Ta ló mọ̀ pé ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló wà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́ fún àwọn ológun? Nígbà tó di ọ̀gá pátápátá la tó gbọ́. Láyé ìgbà yẹn, tí èèyàn bá ní òun ò lè sọ, a máa ń fi í sílẹ̀ ni. Lónìí ńkọ́? Ọmọ á ro ẹ̀bà, á kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ fún gbogbo ayé kó tó jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Olóbì ti òkè Ọya dé, kò jẹun. Ó ní kí wọ́n pe ìyá wa wá. Ó ní òun rí Àdìgún lọ́jà níbẹ̀, ó wọ jàlàbíà, ó ń ran bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan. Inú Bàbá dùn, ó pè é ní oríkì. Àdìgún dìde, ó wò ó lójú, ó fi èdè Haúsá sọ pé òun ò mọ bàbá yìí rí. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó jókòó padà, ó ń ran bàtà rẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Ọmọ tó o tọ́, kó sẹ́ ọ láàárín ọjà, níṣojú àwọn oníbàárà rẹ? Bàbá sọ ọ́ fún gbogbo Ìgèdè.

Kò pẹ́, Àdìgún wálé. Ó ti rí nọ́ọ̀sì kan ní Adó tó fẹ́ fi ṣaya. Ta ló máa ṣáájú lọ tọrọ ọmọ? Bàbá Olóbì ni olórí ẹbí. Láìsí i, àwọn àna ò ní gbà wá wọlé. Àdìgún dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ò gbà.

"Ẹni tí kò mọ̀ mí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ìyàwó rẹ̀?"

Wọ́n ní kó ṣàlàyé. Àdìgún ní òun ò lè sọ nǹkan kan. Kò sọ pé òun ni, kò sọ pé òun kọ́. Ó dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀, ó padà sí Adó. Ìyá wa ń sunkún. Èmi ò sunkún. Mò ń rò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Bàbá níbi tó ti ń ṣa obì. Mo kúnlẹ̀, mo ní kó tún ọ̀rọ̀ ọjà yẹn sọ fún mi, díẹ̀díẹ̀. Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Jàlàbíà. Abẹ́rẹ́. Bàtà. Ó ní ọmọ náà dìde, ó ṣí fìlà, ó ní…

"Ó ṣí fìlà, Bàbá?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí obì. Ẹ gbọ́, nílẹ̀ wa, tí ọmọ bá rí àgbà, á ṣí fìlà. Àwọn tí Bàbá ń bá ṣòwò lókè Ọya kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fìlà wọn kì í kúrò lórí nítorí bàbá olóbì kan tó ń kọjá.

Bàbá gbé obì sílẹ̀. "Uṣẹ́ kí lọmọ yìí ń ṣe gan-an?"

Mo ní sítọ́ọ̀ ló sọ fún wa. Ó wò mí, mo wò ó. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹlòmíràn rí fìlà yẹn.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Mísà, ó dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun ti ṣàṣìṣe, ọkùnrin yẹn kì í ṣe Àdìgún, ojú òun ló ti ń ṣe bàìbàì. Irọ́ ni. Ojú tó ń mọ obì tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ láìtíì là á? Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Olóbì, ṣé o mọ̀ mí lónìí?" Á ní òun ò mọ̀ wọ́n rí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Òun ló ṣáájú wa lọ sílé àna. Kò bi Àdìgún léèrè. Àdìgún ò sì sọ fún un.

Ọdún ń lọ. Àdìgún di ọ̀gágun. Ó wọ aṣọ ológun wá sí Ìgèdè, sójà yí i ká, gbogbo àdúgbò tú síta. Bàbá ti di arúgbó, a gbé àga síta fún un. Ọ̀gágun dé iwájú rẹ̀, ó ṣí fìlà. Bàbá fà á mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Èmi tí mo dúró lẹ́yìn àga ni mo gbọ́.

"Dé fìlà rẹ, Àdìgún. Àwọn èèyàn ń wò wá."

Ó dé e. Ojú rẹ̀ ò yí padà.

Bàbá ti lọ tipẹ́. Títí dòní, mi ò mọ ẹni tí Àdìgún ń ṣọ́ lọ́jà yẹn. Mo máa ń lọ kí i ní Adébáyọ̀, àwọn ọmọ á máa ti orí ọ̀kadà juwọ́ sí àwa àgbà, bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe dà… Òun, tó bá ti rí èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ṣí fìlà. A ó jókòó, a ó jọ máa wo ọ̀nà. Mi ò bi í rí. Ẹ̀yin náà, gbogbo nǹkan kọ́ lẹ gbọ́dọ̀ gbọ́, gbogbo nǹkan kọ́ lẹ gbọ́dọ̀ sọ.

Ó tó. Pa fóònù yẹn, ọmọ mi.