Ọmọ Mi Dọ̀bálẹ̀ Kí Mi, Kò Dìde

Ẹ bá mi gbé ọpẹ́ yìí, ẹ̀yin ará, ó wúwo ju èmi nìkan lọ. Halelúyà! Ẹ ò tíì pariwo o. Halelúyà! Ẹ ṣeun. Àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe dúró yìí. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń bà mí lẹ́rù.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Gbénga tó ń tún firíìjì ṣe ní Lagos Town, àdúgbò wa ní Accra níbí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tó bí mi ti wá, ṣùgbọ́n Accra ni wọ́n bí mi sí, Accra náà ni mo bí àwọn ọmọ mi sí. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí bíi tèmi, ẹ mọ ohun tí ojú wa ń rí. Ọmọ á gbọ́ Twi, á gbọ́ Ga, tí o bá wá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, òyìnbó ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ti èdè, mo ti gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ìkíni? Láéláé! Nínú ilé mi, ọmọkùnrin gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja ni, kì í ṣe kó kàn fọwọ́ kan ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ dìde títí n ó fi wúre fún un tán. Ẹ sì mọ̀ pé àdúrà mi kì í kúrú. Pásítọ̀ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n mọ̀.

Gbénga, àkọ́bí mi, ti wọ yunifásítì, inú họ́sítẹ́ẹ̀lì ilé-ìwé ló ń gbé. Nígbà tó wálé fún ìsinmi, a rí i pé ó ti rù. Omi tó ń mu kò ṣeé fẹnu sọ. Á mu, á tọ̀, á tún mu. Ìyá rẹ̀ ní ìwé ló pọ̀ jù fún un. Èmi náà ní ọmọ tó ń rù báyìí, nǹkan dídùn ló máa fún un lágbára. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gààrí, ṣúgà àti mínírà lọ fún un nìyẹn. Mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe!

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé ẹrù mi, mo wọ ọkọ̀ trotro, ó di yunifásítì. Nígbà tí mo dé iwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn, mo rí i tí àwọn nọ́ọ̀sì kílíníìkì ilé-ìwé ta tápólì sókè bí àgọ́, wọ́n ń yẹ ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ń gún ọmọ níka. Mo pòṣé. Mo ní àwọn wọ̀nyí ò rí iṣẹ́ ṣe, ọmọdé wo ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ni Gbénga bá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó rí mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀! Orí mi wú. Àwọn ọmọ Ghana, tó ń pe àwa Yorùbá ní Anago, ń pariwo, "Ei! Anago! Ẹ wo ìkíni!" Ẹnì kan ti yọ fóònù, ó ń ká a sílẹ̀. Èmi náà tún fìlà mi ṣe, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Àlàó ọmọ mi! O ò ní kú ní rèwerèwe. Ìwọ ni wàá sin mí, mi ò ní sin ọ́. Ìwé tí ò ń kà á yé ọ." Mo lọ, mo bọ̀. Mo dé orí iṣẹ́ tó máa ṣe, mo dé orí ìyàwó tó máa fẹ́. Mo wá ṣàkíyèsí pé kò ṣe àmín. Inú bí mi. Mo ní, "Gbénga, ṣé o ò gbọ́ ni? Ṣe àmín!"

Ẹ̀yin ará, ọmọ mi ti dákú! Ọmọ mi ti dákú sábẹ́ àdúrà mi, mo sì ń tọrọ ìyàwó fún un!

Èmi kọ́ ni mo mọ̀ o. Nọ́ọ̀sì kan ló sáré kúrò lábẹ́ tápólì, Sister Akosua lórúkọ rẹ̀. Ó ní, "Papa, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń kíni?" Mo fẹ̀ láyà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àṣà wa ni. Ó ní, "Ṣé ẹ máa ń ki imú bọ iyẹ̀pẹ̀ náà ni?" Kò dúró gbọ́ èsì mi, ó yí ọmọ náà padà. Funfun ojú nìkan ni mo rí. Ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré wá láti àdúgbò Kotobabi. Ẹnu rẹ̀ sì ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti ń bà jẹ́. Mo kígbe, "Jésù!"

Mo fa ìgò mínírà kan yọ nínú ẹrù, mo fi eyín ṣí i, mo fẹ́ dà á sí i lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì gbá mi lọ́wọ́, pàà! Ìgò fò lọ. Èmi tí mo tó bí i! Ó ní, "Papa, ẹni tó dákú kò lè gbé nǹkan mì. Ẹ fẹ́ kó gba ọ̀nà èémí lọ ni?" Ó gún ọmọ náà níka, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì pariwo pé kí wọ́n gbé ambuláǹsì wá kíákíá. Ó ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kọjá ibi tí ẹ̀rọ òun lè kà dé.

Àtọ̀gbẹ! Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún! Àwa tí a rò pé àìsàn àwọn bàbá arúgbó ni.

Ambuláǹsì ilé-ìwé ló gbé wa dé ọsibítù. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n ní kí n dúró síta. Ẹ̀yin ará, èmi tí àdúrà mi kì í kúrú, mo la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Gbogbo gbólóhùn ńláńlá yẹn sá lọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù sí mi lẹ́nu: "Dìde." Mo jókòó lórí àga, mò ń sọ ọ́ bí arìndìn. "Dìde. Bàbá, jẹ́ kó dìde." Ìyá rẹ̀ dé, ó bá mi níbẹ̀, òun náà gbà á sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni wọ́n ní ká wọlé. Ọmọ la ojú. Ó wò mí, ó sì sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Àmín, Daddy."

Mo bú sẹ́kún. Ó ní ìgbà tí mo dé ibi "o ò ní kú ní rèwerèwe" lòun gbọ́ mọ, òun fẹ́ ṣe àmín, ahọ́n òun ni kò gbé e.

Kò tán síbẹ̀ o. Nígbà tó padà sílé-ìwé, ìtìjú ń bá a. Inú ilé ìgbẹ́ ló ń lọ fara pamọ́ sí láti gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì tí dókítà ní kó máa gbà lójoojúmọ́. Àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn níbẹ̀ ránṣẹ́ pè é, wọ́n fi ojú rẹ̀ mọ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó ní irú àìsàn yìí, obìnrin, tó ń gún tirẹ̀ nínú kíláàsì láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ìtìjú tán. Wọ́n fún un ní yàrá nísàlẹ̀. Òfin họ́sítẹ́ẹ̀lì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ ní firíìjì, ṣùgbọ́n oògùn inú abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ wà níbi tútù, wọ́n sì gbà á láyè. Ta ló wá tún firíìjì kékeré náà ṣe? Èmi ni! Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo rò pé ẹja àti omi lásán ni n ó máa mú tutù. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀mí ọmọ mi ni.

Ẹnì kan nínú ìjọ yìí bi mí pé nígbà tí Ọlọ́run ti gbà á, kí ló tún ń gún abẹ́rẹ́ sí? Ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni mo wá dúpẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run tó gbọ́ "dìde" mi ló ti fi Sister Akosua sábẹ́ tápólì kí n tó dé. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ yín bá ń rù, tó ń mu omi tó ń tọ̀ ṣáá, ẹ má gbé ṣúgà lọ fún un. Ẹ gbé e lọ sí kílíníìkì.

Gbénga, jáde wá. Má tijú, wá.

Ẹ wò ó, ó ti dọ̀bálẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pariwo o. Àyà mi ń já, gbogbo ìgbà tó bá ti dọ̀bálẹ̀ ló ń já. Mo ti gé àdúrà mi kúrú, ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan náà ló kù.

Àlàó, dìde.

Ẹ wò ó! Ẹ wò ó, ó ń dìde! Ó ti dìde! Ẹ bá mi yọ̀!