Ìtì Igi Tí Mo Yọ Lábẹ́ Mọ́tò Àbúrò Mi

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹ bá mi ṣí fèrèsé yẹn kí atẹ́gùn wọlé, mi ò lè mí dáadáa mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé fóònù rẹ̀ kó gbé e nísinsìnyí, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò fẹ́ dúró. Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe àìsàn ọkàn tí dókítà ń sọ nìkan ló rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo ti ń gbé kiri látìgbà tí Waliyat yìí ò tíì wọ ilé ìwé girama, ẹrù ọ̀rọ̀ náà sì ti wọ̀ mí lọ́rùn. Olórí ẹbí lẹ ń pè mí, iwájú mi lẹ ń gbé ẹjọ́ yín wá. Lónìí, ẹjọ́ ara mi ni mo gbé wá. Ògúnṣọlá kọ́ ló pa Mùílì. Èmi Mashood, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a jọ mu ọmú kan náà, èmi ni mo pa á.

Ẹ má pariwo. Marufat, mo mọ̀ pé ọkọ rẹ ni. Waliyat, mo mọ̀ pé bàbá rẹ ni, jókòó, ọmọ mi. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ sọ sí mi lẹ́yìn náà, ẹnu rẹ gbà á.

Ọjọ́ Iléyá ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà rántí. A ti dé láti Yídì, a ti pa àgbò, ilé ti kún. Mùílì fẹ́ gbé itan àgbò lọ fún àwọn òbí Marufat ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì, bí ọkọ tó mọ iyì àna ṣe ń ṣe, àmọ́ sàlẹ́ńsà mọ́tò rẹ̀, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, ti já, ó ń wọ́ nílẹ̀. Mẹkáníìkì wo ló máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún? Mùílì ní òun á wọ abẹ́ rẹ̀ fúnra òun, òun á fi wáyà so ó mọ́ra. Ló bá lọ yá jáàkì lọ́wọ́ Ògúnṣọlá, ajórin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójúde wa nígbà yẹn. Ògún ni Ògúnṣọlá ń bọ, bíi ti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí Iléyá kan tí kì í wá jẹ ẹran nílé yìí. Ó gbé jáàkì náà wá fúnra rẹ̀. Ó tún gbé ìtì igi emi kan lé èjìká, èyí tó fi ń lu irin ní ṣọ́ọ̀bù, tí orí rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń kìlọ̀. Ó ní, "Mùílì, jáàkì kì í ṣe òpó ilé o. Iṣẹ́ jáàkì ni kó gbé mọ́tò sókè. Igi ló máa dì í mú. Tí o ò bá ti rí igi lábẹ́ ẹ̀, má wọbẹ̀, kódà kó jẹ́ orí ẹ lásán lo fẹ́ kì bọ̀ ọ́." Ó fi òkúta há táyà iwájú méjèèjì, ó fi jáàkì gbé ìdí mọ́tò sókè, ó ti igi sábẹ́ rẹ̀, ó wá sọ jáàkì kalẹ̀ díẹ̀ kí mọ́tò lè jókòó lé igi dáadáa. Ó fi èjìká tì í, kò mì. Ó ní ó ti dáa, ó padà sílé lọ wẹ̀. Marufat wá pe ọkọ rẹ̀ pé ìrẹsì ti ń tutù, kó wá jẹun ná kó tó wọ abẹ́ mọ́tò.

Èmi wà lẹ́yìnkùlé, èmi ni mo ń gé ẹran. Ìtì tí a fi ń gé ẹran nínú ilé yìí, ikán ti jẹ inú rẹ̀, mo sọ àáké lé ọrùn àgbò, ìtì fọ́ sí méjì. Àwọn ìyàwó ilé dúró tàwọn tabọ́, àwọn aládùúgbò ń kí wa kú ọdún, ojú wọn ń wo ẹran. Ojú tì mí. Mo jáde síwájú ilé, mo rí ìtì igi Ògúnṣọlá lábẹ́ mọ́tò. Ẹ má bá mi di ẹ̀bi ru Èṣù o. Ìwàǹwára mi ni. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé jáàkì sókè díẹ̀ kí igi lè dẹ̀, mo yọ ọ́, mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Mo ní màá dá a padà kí Mùílì tó jẹun tán. Mo ní jáàkì ṣáà wà níbẹ̀. Àgbà tó gbọ́ ìkìlọ̀ lójúkojú, ọ̀rọ̀ jáàkì ló ń sọ lẹ́nu bí ọmọdé.

Ẹran ò tán, àlejò ò dín. Mo sì gbọ́ nígbà tí Mùílì ń tẹ́ páálí sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Ibí yìí ni mi ò sọ fún ẹ̀dá kankan títí di àná. Mo gbọ́ ọ. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe, mo sì mọ̀ pé ó rò pé igi ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Ó yẹ kí n ju àáké sílẹ̀ kí n sì ké sí i. Egungun ìhà ló kù lórí ìtì, mo wá ní, "Jẹ́ kí n gé èyí tán." Bíi pé egungun ẹran lè sá lọ mọ́ mi lọ́wọ́! Bóyá ibi tó ti ń fa sàlẹ́ńsà yẹn ni mọ́tò ti mì, mi ò mọ̀. Jáàkì yẹ̀, ìdí mọ́tò já lulẹ̀, gbogbo ilé sì figbe ta.

Ẹ gbọ́ mi o, Mùílì ò kú nígbà tó kọ́kọ́ já. Itan rẹ̀ ló tẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, itan mi o. Ẹ bá mi gbé e." Àwọn ọkùnrin àdúgbò sáré dé, wọ́n gbé mọ́tò náà sókè tọwọ́tọwọ́. Ògúnṣọlá sáré wọlé tòun tọṣẹ lára, ó ń kígbe, "Ẹ má tíì fà á! Ẹ kọ́kọ́ fi igi tì í! Igi tí mo gbé wá dà?" Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Ìtì náà wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àgbò lórí rẹ̀, ẹran lórí rẹ̀. Mo dúró. Ọkàn mi sọ fún mi pé tí mo bá gbé igi yìí jáde, gbogbo ayé á mọ ẹni tó yọ ọ́. Mo gbọ́ ohùn àbúrò mi níwájú ilé, ó ń pè mí. Mo sì mú àpò sìmẹ́ńtì, mo fi bo ìtì náà mọ́lẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kan tí a fẹ́ fi mọ fẹ́ǹsì ni mo gbé, òun ni mo gbé lọ fún wọn.

Ògúnṣọlá rí i, ó ní, "Búlọ́ọ̀kù kọ́! Inú ẹ̀ ṣófo, á fọ́!" Àmọ́ apá ti ń ro àwọn èèyàn, wọ́n ti ti búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti jọ̀wọ́ mọ́tò. Búlọ́ọ̀kù náà di iyanrìn lójú wa. Ẹ̀ẹ̀kejì tó já yìí, àyà Mùílì ló já lé. Ká ní mo gbé igi jáde ni, à bá gbé e lọ sọ́síbítù pẹ̀lú itan tó kán. Ì bá máa tiro títí dòní, kó sì jókòó sáàárín yín níbí.

Ẹ ò ní mọ bí ìyókù ṣe rọrùn fún mi tó. Kí irọ́ àkọ́kọ́ ṣáà ti jáde lẹ́nu. Ògúnṣọlá dúró láàárín èrò, ó ní òun fi ojú òun rí igi lábẹ́ mọ́tò, ta ló yọ ọ́? Mo ní, "Igi wo? Ọ́ìlì jáàkì ẹ ló jò, ló fi wálẹ̀. Má fi irọ́ kún ikú fún wa." Àwọn kan ní jáàkì rẹ̀ ti gbó. Àwọn mìíràn ní Ògún ló bínú, pé ẹ̀jẹ̀ àgbò ṣàn lójú irin, wọn ò sì fún un lájá. Mo jẹ́ kí wọ́n máa wí i. Nígbà tí a fẹ́ ṣe Fídáù, mo la ìtì náà sí wẹ́wẹ́, mo kó o sáàárín igi ìdáná. Marufat, dárí jì mí. Igi yẹn wà nínú iná tí o fi se oúnjẹ sàráà ọkọ rẹ. Ẹnikẹ́ni ò gbé iṣẹ́ lọ fún Ògúnṣọlá mọ́ l'Ọ́yọ̀ọ́ yìí. Ó palẹ̀ mọ́, ó kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Inú mi dùn pé ó lọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á bá mi wọ sàréè ni. Àfi bí táyà mọ́tò Waliyat ṣe jò ní Sábó lọ́hùn-ún, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì jẹ́ pé bàbá tó fẹ́ bá a lẹ̀ ẹ́ ni Ògúnṣọlá, tó ti fi iṣẹ́ ajórin sílẹ̀. Ó bi í pé ọmọ ta ni. Bó ṣe gbọ́ orúkọ Mùílì, ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kó lọ wá ẹlòmíràn. Waliyat bi í lórúkọ, ó wá mọ ẹni tó jẹ́. Ó ṣépè fún un lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó délé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ayọ̀ sì wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo ti bá dádì mi gbẹ̀san. Mo sọ fún un pé bó ṣe sọ mí di aláìníbàbá, àwọn ọmọ ẹ̀ ò ní sin ín." Bàbá arúgbó tí kò ṣẹ̀. Ẹnu ọmọ tí mo tọ́ ni èpè yẹn ti jáde, irọ́ mi ló sì kọ́ ọ.

Lánàá, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá a lábẹ́ ibòji rẹ̀. Ó ń lẹ táyà, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, àmọ́ ẹlòmíràn ló ń bá a fi jáàkì gbé mọ́tò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Mo rò pé á gbá mi létí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Mashood, ṣé jáàkì mi ò jò?" Mo ní kò jò. Ó ní, "Ó dá ẹ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Ó fi fìlà bojú, ó sunkún. Ó ní òun tú jáàkì náà palẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, òun rí ọ́ìlì díẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, òun sì wí fún ara òun pé a jẹ́ pé òótọ́ ni. Ó ní, "Èmi náà gbà pé èmi ni mo pa á. Ọdọọdún ni mò ń bẹ Ògún kó dárí ẹ̀jẹ̀ Mùílì jì mí." Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rò pé ó ń bínú sí mi láti ọjọ́ yìí. Mi ò mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń dá lẹ́jọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wo inú fóònù láti tún mọ́tò ṣe nílé, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Ẹ fi igi tó le tì í, ẹ má lo búlọ́ọ̀kù láéláé. Tẹ́ ẹ bá kúrò nídìí ẹ̀, kódà kó jẹ́ omi lẹ lọ mu, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó padà wọbẹ̀, torí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé lè ti mú nǹkan níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ti mú un, kó pariwo. Kó pariwo kódà bí gbogbo àdúgbò á bá bú u.

Ògúnṣọlá wà níta. Mo sùn síbẹ̀ mọ́jú, a sì jọ wọ ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ yìí, ó jókòó lẹ́bàá gọ́tà níwájú géètì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wọlé, ó kọ̀. Ó ní àwọn ará ilé Mùílì ló lé òun, ẹnu wọn lòun fẹ́ fi gbọ́ ọ pé kóun wọlé. Marufat, jọ̀ọ́, dìde. Waliyat, bá ìyá ẹ lọ, kí o sì gba èpè ẹnu ẹ padà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tèmi lè dúró. Tí yàrá yìí ò bá gba èmi àti òun, ẹ kàn wò mí, màá dìde fún un lórí àga yìí, màá sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ẹ lọ mú un wọlé. Oòrùn ti ń pa á.