Ìjàpá Tí Kámẹ́rà Ò Rí Bó Ṣe Lọ

Wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò nínú ọkọ̀, Sakiusa, nítorí ìjàpá òkun kan ṣoṣo, ìjàpá tí mo dá padà sínú omi láàyè. Jókòó. Má tíì nawọ́ kí mi. Mi ò wá jà. Ó ti rẹ̀ mí kọjá ìjà, ara mi kàn kú bí apá téèyàn sùn lé ni, mo sì fẹ́ sọ ọ́ lójú rẹ kí ahọ́n mi náà tó kú.

Ta ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé èmi Apakuki mú ìjàpá, n kò sì dá a padà? Ìwọ kọ́? Ìwọ tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Suva, olú ìlú wa, tó ń wo fídíò tí wọ́n kó wá láti inú ọkọ̀, tó ń fi bísíkíìtì mu tíì? Ìwọ ará orí òkè, tí odò dé orúnkún rẹ lẹ́ẹ̀kan péré tó o ń ké pe ìyá rẹ! Mi ò ní kó o má ṣiṣẹ́ rẹ o. Wọ́n gbé kámẹ́rà síbẹ̀ kí àwa tó ń wá ẹja túnà má baà máa pa ohun tí a ò wá lọ sí òkun. Mo gbà. Nígbà tí wọ́n kó ìwọ̀ tuntun dé, èyí tó ká bí òrùka, tí kì í há ìjàpá lọ́fun, táwọn tó kù ń pariwo pé ẹja ò ní gbé e mì, ta ló ní ẹ jẹ́ ká dán an wò? Ta ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yọ ìwọ̀ láìfa okùn? Èmi ni. Èmi tí bàbá bàbá mi ń ṣọdẹ ìjàpá fún olóyè!

Ẹgbẹ̀rún méjì ìwọ̀ ló wà lórí okùn lọ́jọ́ náà. Ìjàpá yẹn gòkè wá, kò mira. Ó ti mumi yó. Kí ni òfin wí? Òfin tí ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná wa: bí kò bá mira, ẹ má jù ú padà, yóò kú, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ gbé ìdí rẹ̀ ga díẹ̀, ẹ fi àpò tútù bò ó, kí ẹ sì dúró dè é títí di ọjọ́ kejì. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Àpò tó o kọ pé mo fi bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra, òfin yín ni mo fi bò ó!

Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A ò da okùn sómi lọ́jọ́ yẹn, ìjì ń jà, kámẹ́rà yín kì í sì í lajú àfi bí ẹ̀rọ tó ń fa okùn bá ń ṣiṣẹ́. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. O mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Èmi àti Tiaon, ará Kiribati tó ń se oúnjẹ fún wa, la gbé e, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, a rọra sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó lọ. Mo rí i tó lọ. Ó fọwọ́ lu omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì gba ìsàlẹ̀ lọ bí ẹni tó mọ̀nà ilé. Ọ̀gá ọkọ̀ ò kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ọjọ́ tí a da okùn nìkan ló ní ojú ewé nínú ìwé òun. Tiaon ti padà sí erékùṣù rẹ̀, fóònù ò sì dé ibẹ̀. Ta ni kí n wá pè ṣe ẹlẹ́rìí? Ìjàpá?

Kí lo wí? Ọwọ́ tí mo fi ra ikùn?

Ó dáa. Mo fọwọ́ ra ikùn. Bí a ṣe gbé e gòkè báyìí, mo yíjú sí kámẹ́rà, mo gbé ọwọ́ ìjàpá náà sókè bí ẹni ń kí ọ, mo fọwọ́ ra ikùn mi, mo sì lá ètè. Ta ni mo ṣe é fún? Ìwọ ni! Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa wò ó. Tavale ni wá, Sakiusa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni bàbá rẹ. Láti kékeré ni bíbú ara wa ti jẹ́ ẹ̀tọ́ wa, ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Níbi ìsìnkú ìyá mi, ta ló sọ sí mi létí pé kí n má jẹ gbogbo ìjàpá tán kí àlejò tó dé? Mo rẹ́rìn-ín. Nínú ẹkún yẹn, mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí tavale wà fún nìyẹn. Oṣù méjì lórí omi, kò sí ojú kan tí mo mọ̀ tó ń wò mí àfi gíláàsì dúdú yẹn, mo bá fi í ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn.

Ọ̀gá rẹ obìnrin, tó ti New Zealand wá, bi ọ́ léèrè pé kí ni ọkùnrin yìí ń fọwọ́ sọ. Wọ́n ní o ní, “Ẹbí mi ni, mi ò lè sọ nǹkan kan.” Háà, Sakiusa! Nígbà tó ò ń kọ ọ́ pé mo mú ìjàpá, ṣé èmi kọ́ ni ẹbí rẹ nígbà yẹn? Ìgbà tó kan kó o gbà mí là lo wá rántí pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá? Ohun tó yẹ kó o sọ fún un ni pé, “Yẹ̀yẹ́ ni, èmi ló ń bá ṣe é, báyìí làwa tavale ṣe máa ń ṣe.” Ó parí. Èémí kan ló máa gbà! Ẹ̀ẹ́? Wọ́n á ní ò ń gbè mí? Kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé mi náà ń wí ohun tó burú jùyẹn.

Rárá, gbé tíì yẹn kúrò. Má ní kí n má bínú. Mi ò bínú, Laniana ìyàwó mi ló ń bínú fún àwa méjèèjì. Èmi, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n kọrin tán, wọ́n gbàdúrà tán, wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn kí n tó mọ̀ pé ó yẹ kí n dìde. Lábúlé, wọ́n ń bi mí bóyá ẹran ìjàpá náà dùn. Àwọn tavale mi yòókù ni o, ẹ̀tọ́ wọn ni, mo sì wá ẹ̀rín lẹ́nu mi, mi ò rí i.

Ohun tí mo wá fẹ́ kò pọ̀. Bíírò wà lọ́wọ́ rẹ. Kọ ọ́ sínú bébà pé ìwọ ni mo ń bá ṣe yẹ̀yẹ́, kó o fọwọ́ sí i, kí n gbé e lọ bá wọn kí wọ́n tún ẹjọ́ mi gbọ́. Kọ ọ́ báyìí. Kí ló dé tó ò ń wo ilẹ̀?

Tún un sọ.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá? Wọ́n ti pa ìwé ẹjọ́ mi dé láti ọjọ́ Ẹtì, o sì jẹ́ kí n rò ó dé ibí yìí?

Ó dáa. Ó yé mi. Ọdún méjì ni wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ẹja, gbogbo ọkọ̀ tó wà ní èbúté yìí ló sì kàn. Ọkọ̀ wa gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀ òní. Ọkùnrin kan láti Lautoka ni wọ́n fi rọ́pò mi. Ó sọ fún mi ní èbúté pé òun ò tíì rí ìjàpá òkun láàyè rí.