Ilẹ̀kùn Jínádù

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí wọ́n ṣì ń gbọ́ ẹjọ́ olè lábẹ́ igi òdán iwájú mọ́sálásí, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jínádù. Òun ló tẹ agbo-ilé yìí dó. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Kò ṣe àga, kò ṣe àpótí. Ilẹ̀kùn ló ń ṣe, ilẹ̀kùn nìkan, pẹ̀lú ọ̀pá ìdábùú tí a fi ń tì í. Ẹ yé wo ilẹ̀kùn yàrá mi. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ràjí ahunṣọ, aládùúgbò rẹ̀, ti ọ̀bẹ bọ àlàfo ilẹ̀kùn Jínádù, ó gbé ọ̀pá náà kúrò láti ìta, ó sì kó aṣọ òfì tí Jínádù ń tọ́jú de ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ràjí yìí kan náà ló hun aṣọ ọ̀hún. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ hun ún, ó tún fọwọ́ ara rẹ̀ jí i. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń ti ibi ìrun àsùbáà bọ̀ rí i tòun tẹrù, wọ́n sì mú un.

Gbogbo ohun tí Jínádù fẹ́ ni kí aṣọ rẹ̀ padà, kí ojú sì ti Ràjí díẹ̀. Ló bá gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ Alùkálì Búsàírì, ẹni tó ń fi òfin Kùránì dájọ́ ní ìlú nígbà náà. Alùkálì yìí, ibi tí ọwọ́ èèyàn lè gbà yọ ló máa ń kọ́kọ́ wá. Ó bi Jínádù bóyá òun ló ní kí Ràjí wọlé. Jínádù ní rárá. Ó bi í bóyá ìta ni aṣọ wà. Jínádù ní inú yàrá ni. Ó wá rọra bi í bóyá ó gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí.

Bí ẹni ń ju okùn sínú kànga fún ẹni tó jìn sí i ni baba náà ń ṣe. Ṣùgbọ́n Bàkárè, gbẹ́nàgbẹ́nà kejì nílùú, jókòó síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Jínádù bá dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀.

"Alùkálì, ilẹ̀kùn tí mo bá ti tì, ó tì nìyẹn. Kò sírú ẹ̀ nílùú yìí."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Alùkálì di ojú. Ó ní aṣọ olówó iyebíye ni, yàrá títì ni, ẹlẹ́rìí méjì sì wà. Ọwọ́ ọ̀tún Ràjí ni òfin fẹ́ gé; ká ní ilẹ̀kùn ò tì ni, òfin ì bá má gé e. Ó ní lẹ́yìn ìrun àìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì, òun á kọ́kọ́ wá fojú ara òun wo ilẹ̀kùn ọ̀hún.

Ara Jínádù tutù. Kò rò ó débẹ̀. Bí ó ti délé ni Àwáwù, ìyàwó Ràjí, wọlé wá. Kò sunkún, kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo wá wo ilẹ̀kùn tó fẹ́ gé ọwọ́ ọkọ mi."

Jínádù sáré padà sọ́dọ̀ Alùkálì, ó ní òun ti dárí ji Ràjí.

"Ká ní ilé lo ti dárí jì í ni, mi ò bá má gbọ́ rárá," Alùkálì dá a lóhùn. "Ẹjọ́ tó bá ti dé iwájú mi kì í ṣe tìẹ mọ́. Ilẹ̀kùn nìkan ló kù tí mo fẹ́ wò." Ó wá tẹjú mọ́ Jínádù.

Jínádù délé, ó mú ọ̀bẹ. Ó jókòó ti ilẹ̀kùn tó ṣe lọ́dún tó gbéyàwó, ó ń fá ẹnu ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fá orí ọmọ rẹ̀, títí ọ̀pá ò fi dé inú ihò rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìka kan ni Alùkálì fi ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ti fi ọ̀pá dábùú. Ó ṣí gbayawu. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín; Bàkárè rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Alùkálì rí èérún igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá nílẹ̀. Ó rọra dúró lé e lórí, ẹ̀wù rẹ̀ sì bò ó.

"Iyèméjì ti wọ ọ̀rọ̀ yìí," ó ní. "Mi ò gé ọwọ́ Ràjí."

Ó ní kí wọ́n na Ràjí ní pàṣán, kó sì dá aṣọ padà. Ó wá kọjú sí Jínádù. "Lánàá o ní ó tì, lónìí kò tì. Mi ò ní gba ẹ̀rí rẹ mọ́ títí n ó fi kú."

Jínádù ní, "Mo gbọ́."

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò ra ilẹ̀kùn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Oko ló lọ dá. Ràjí ńkọ́? Ràjí fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hun aṣọ títí ó fi lówó, ó sì kọ́lé. Bàkárè ló pè kó wá ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ pé ilẹ̀kùn Jínádù kì í tì. Ẹ má bínú sí i o; Alùkálì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn agbo-ilé wa fi ní ihò ọ̀pá tí kò sì ní ọ̀pá. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Jínádù kì í fi gbé olè lọ síwájú adájọ́ láìkọ́kọ́ sọ ọ́ nílé. Ẹ sì tún ń pe ibí ní Agbo-ilé Onílẹ̀kùn.

Rédíò mi tó sọnù lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mọ ẹni tó gbé e. Ó wà láàárín yín níbí, ó ń mi orí sí ìtàn. Bí ọlọ́pàá bá bi mí, n ó ní ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kó ṣáà bá mi gbé e padà kí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.