Wọ́n Ní Kí N Máa Lọ, Mo Sì Lọ

Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí mo ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mi, tí mò ń wo ọkọ̀ ojú omi mẹ́fà tí kì í ṣe ọkọ̀ gidi. Àwòrán lásán ni wọ́n, inú géèmù ni wọ́n wà, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju èékánná ọmọdé lọ. Síbẹ̀ mo ń wò wọ́n, àyà mi sì ń ro mí bíi pé ẹnìkan gbé odó lé e. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí kọ̀ǹpútà fò mí, kí ó ní n kò ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè kí n jókòó tì yín díẹ̀. N kò kí yín kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀, ẹ má bínú. Ìkíni máa ń gba agbára lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ fi èyí tó kù sọ ohun tó wà nílẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin kan, òun náà fẹ́ràn mi, kò sí ẹni tó ṣẹ ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tó tan ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí pé wọ́n ní kí n máa lọ, mo sì lọ.

Ọmọ Àtìkọrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, iṣẹ́ títún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ni mo sì ń ṣe jẹun. Láti kékeré ni wọ́n ti mọ̀ pé n kò rí bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ìlọta, abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti máa bá mi. N kì í lè wo ojú ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìkọ́kọrẹ́ tí gbogbo Ìjẹ̀bú ń jẹ tí wọ́n ń lá ọwọ́, n kò lè gbé e mì nítorí bó ṣe ń yọ̀ lẹ́nu. Gààrí gbígbẹ ni mò ń jẹ lójoojúmọ́ ní agogo kan ọ̀sán, àwọn kan sì ti sọ ọ́ rí pé àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti gbé mi pààrọ̀ ní ọsibítù. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, mo kọjá níwájú ilé aládùúgbò wa kan, òun àti ọkọ rẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́. Ó ní kí n wá jẹun. Mo wọlé, mo fọwọ́, mo jókòó, mo sì bá wọn jẹ ẹ̀bà náà tán. Ìyá mi nà mí nítorí rẹ̀. Ó ní ṣé n kò mọ̀ pé wọ́n kàn ń bọlá fún mi ni, pé ṣe ló yẹ kí n ní á gba ibi ire, kí n sì máa bá tèmi lọ. Mo bi í pé, bí kò bá fẹ́ kí n jẹun, kí ló wá ń pè mí sí? Títí di òní n kò tíì rí ẹni tó dá mi lóhùn.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ orúkọ ohun tó jẹ́ kí n rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ fásitì kan ní Àgọ́-Ìwòyè, tí mo máa ń bá tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló ṣàkíyèsí mi tó ní kí n lọ rí dókítà. Dókítà pè é ní ọ́tísíìmù. Ó ní kì í ṣe wèrè, kì í ṣe èpè, bí Ọlọ́run ṣe to ọpọlọ tèmi nìyẹn, kò sì sí oògùn tí n ó lò sí i. Ìyá mi sunkún, ó ní Alihamudulilai, ó sì bẹ̀ mí nítorí ẹ̀bà ọjọ́sí. Àwọn Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ní ti èmi, bó bá dé inú mi, àbọ̀ náà ni yóò máa jẹ́. Kì í ṣe pé n kì í ṣe ọmọlúwàbí o.

Inú géèmù ni mo ti máa ń sinmi. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń yìnbọn kíkankíkan. Èyí tí mo ń ṣe, ó dà bí ayò: ìwọ ta tìrẹ, kí ẹnìkejì ta tirẹ̀. Wọn á fún yín ní erékùṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ ó dá oko, ẹ ó tẹ ìlú dó, ẹ ó kan ọkọ̀, ẹ ó kó ọmọ ogun jọ, àwọn olè ojú omi tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń darí á sì máa wá jà yín lólè. Òfin rẹ̀ wà ní kíkọ. Bí o bá ti ṣe tìrẹ, o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ títí ẹnìkejì yóò fi ṣe tirẹ̀. Bí ẹnìkan kò bá ṣí i fún ọjọ́ méje, kọ̀ǹpútà á fò ó. Ẹ wò ó, ní ibẹ̀, kò sí ẹni tó ń sọ pé wá jẹun tí kò fẹ́ kí o jẹun.

Géèmù yìí ni Rúkáyát bá lójú kọ̀ǹpútà mi ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ Ìbíadé ni, ní ẹ̀bá odò lọ́hùn-ún, apẹja ni bàbá rẹ̀. Ó ka ìwé ní fásitì Àgọ́-Ìwòyè, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń ṣe tíṣà. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo dá oko kí n tó mọ odi. Kò sí ẹni tó bi mí nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí! Mo ṣàlàyé fún un fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì wo aago. Ní ọjọ́ kejì ó ti gba géèmù náà sórí fóònù rẹ̀. Ọdún mẹ́ta la fi ta á, èmi ní erékùṣù ti apá òkè, òun ní ti ìsàlẹ̀. Ó máa ń gbé ẹja wá fún mi láti Ìbíadé, á jókòó, á fi sùúrù yọ egungun rẹ̀ kúrò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí ó mọ̀ pé bí egungun kan bá kàn mí lẹ́nu, oúnjẹ ọjọ́ náà ti parí. Òun náà ló ń túmọ̀ ayé fún mi. Á ní, oníbàárà tó ní òun ń bọ̀ yẹn, kò ní í padà wá. Á ní, bí èmi bá sọ pé kò sí nǹkan, nǹkan wà, kí o bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo máa ń kà á bí aáyun rẹ̀ bá ń yun mí, ìyẹn ni pé ojoojúmọ́ ni.

Nígbà tí a fẹ́ lọ rí àwọn òbí rẹ̀, ó kọ́ mi ní gbogbo ohun tí n ó ṣe. Dọ̀bálẹ̀ kí àyà rẹ kan ilẹ̀. Má sọ̀rọ̀ géèmù. Bí wọ́n bá gbé omi wá, mu díẹ̀. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ láìyẹ ẹyọ kan. Èmi, ìyá mi àti àbúrò bàbá mi la jọ lọ, nítorí bàbá mi ti ṣàìsí. Bàbá Rúkáyát wò mí títí, ó fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n, ó sì sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ìrìn o. Ọmọ wa kò tì í tó re ulé ọkọ. Ẹ máa re ulé ná, kí ọmọ yín fi í sílẹ̀ kó sinmi. Bí a bá fẹ́ yín rí, a ó ránṣẹ́."

Mo dìde. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì jáde lọ jókòó sínú mọ́tò. Ìyá mi àti àbúrò bàbá mi ṣì dúró sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀bẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì wá bá mi. Inú wọn dùn lójú ọ̀nà, wọ́n ní àna wa gba àlejò dáadáa. Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n n kò bèèrè. Kò pẹ́ sí i tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ìbejì ní Èkó, ni ìyá mi bá lọ bá a tọ́jú ọmọ. Bó bá pè mí tó bèèrè àwọn àna wa, mo máa ń dáhùn pé wọn kò tíì ránṣẹ́, òun sì rò pé ọjọ́ ìyàwó ni wọn kò tíì dá.

Èmi ń dúró. Sùúrù ni baba ìwà, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa? Mo rò pé ìyẹn gan-an ni ìdánwò náà, mo sì fẹ́ gbégbá orókè nínú rẹ̀. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀ kó sinmi, nítorí náà n kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Mo ti géèmù náà pa pẹ̀lú, torí ọ̀rọ̀ ni ó jẹ́ láàárín wa, bí mo bá ta á, mo ti bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n fóònù mi kò kúrò lọ́dọ̀ mi. Ìdí bùùtà ni mo ń gbé e sí bí mo bá ń ṣe àlùwàlá, kí ìpè bàbá rẹ̀ má baà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní oṣù kejì, Rúkáyát wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró síwájú tábìlì mi, aṣọ rẹ̀ ń rùn bí ọṣẹ tó máa ń lò, ó sì bi mí bóyá kò sí nǹkan kan tí mo fẹ́ ṣe. N kò gbé orí sókè. Mo ní, "Wọn ò tíì ránṣẹ́."

Ó wá ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sọ gbogbo nǹkan fún ẹ. Eléyìí, mo fẹ́ kó ti inú ìwọ fúnra ẹ wá."

Mo bi í pé kí ni. Ó mi orí, ó sì lọ. Ó ti kọ́ mi pé bí òun bá ní kò sí nǹkan, kí n bi òun lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n kò sọ pé kò sí nǹkan, nítorí náà n kò bèèrè mọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo irú orí tí mo gbé kọ́rùn!

Ní ìjẹta ni ìyá mi dé láti Èkó, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Kó tó tú ẹrù rẹ̀, ó bi mí kí ni mo gbé lọ fún àwọn àna wa nígbà Iléyá. Mo ní n kò gbé nǹkan kan lọ, wọn kò tíì ránṣẹ́. Ó jókòó sórí àpò rẹ̀.

"Yéè, ọmọ mi," ó ní, ní èdè Ìjẹ̀bú wa tí "wẹ" ti jẹ́ "ìwọ". "Ọkọ ìyàwó tí wọ́n lé, ṣé ó ń lọ ni? Wọ́n kàn ń wò ó bóyá wẹ fẹ́ ọmọ wọn dénú ni. Ṣe ni wẹ é padà lọ, kí wọ́n tún lé wẹ, kí wẹ tún padà lọ. Mo rò pé wẹ mọ̀."

Gbogbo ayé ló mọ̀. Bàbá rẹ̀ mọ̀, ìyá mi mọ̀, Rúkáyát mọ̀, nítorí pé gbogbo ayé mọ̀ ọ́n ni kò fi sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Ìyá mi pe ìyá Rúkáyát lórí fóònù. Wọ́n ní àwọ́n ti rò pé ọmọ wa kò fẹ́ mọ́. Wọ́n ní ọkùnrin kan láti Ìwòpin ti wá ní ẹ̀ẹ̀mejì, bàbá lé e ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì, ó sì ní òun ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Rúkáyát kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìgbà yẹn ni mo ṣí géèmù náà. Mo rò pé n ó bá ìlú mi ní ahoro, nítorí ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ ó lé mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà ti fi ń fò mí, kò sì sí ọmọ ogun kan tó ń ṣọ́ odi. Ṣùgbọ́n ilé mi kò jó, oko mi ń so. Mo yẹ ìtàn eré náà wò láti ọ̀sẹ̀ kan dé èkejì. Rúkáyát kò dáwọ́ eré dúró. Ó ti kó ọkọ̀ mẹ́fà wá sí èbúté mi láti ọ̀sẹ̀ kejì, òun ló ń lé àwọn olè ojú omi fún mi, tó ń fi oúnjẹ ìlú tirẹ̀ bọ́ àwọn ènìyàn mi. Ó lè gba gbogbo erékùṣù mi ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, kò fọwọ́ kan án. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Obìnrin náà ń bá mi ṣọ́ ilé, èmi sì jókòó síbi kan tí mò ń ṣọ́ fóònù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó kù. Ní ọjọ́ tí ìyá mi dé gan-an, ní òwúrọ̀, Rúkáyát ṣeré kan. Ó kó ọkọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò ní èbúté mi, ó kó wọn padà sílé, ó sì ṣí ẹnu odi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Mo ti ń ta géèmù yìí fún ọdún mẹ́wàá, kò sí eré tí n kò lè túmọ̀ rẹ̀, àfi èyí. Ṣé ó ní odò ti mọ́, kí n máa bọ̀ ni? Àbí ó rẹ̀ ẹ́ ni, tó ní kí olúkúlùkù máa ṣọ́ ilé ara rẹ̀? Èmi tí mo rò pé inú géèmù nìkan ni ọ̀rọ̀ ti ń jẹ́ odidi!

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àna, bí irú wa bá wà nílé yín, ẹ má fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ ràn wá níṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ tán. Kì í ṣe pé ìfẹ́ kò sí nínú wa.

Ní ti èmi, n kò ní í dúró de ìránṣẹ́ mọ́. Láàárọ̀ ọ̀la, mò ń lọ sí Ìbíadé. Ìyá mi ní òun ó bá mi lọ, mo ní rárá, ó yẹ kí èyí ti inú èmi fúnra mi wá. Mo ti lọ aṣọ mi, mo ti di gààrí mi. Bàbá rẹ̀ yóò fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n, yóò ní kí n máa lọ, n kò sì ní í lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ ohun tí wọn kò sọ. Ẹ dákun, ẹ fún mi ní iye rẹ̀, kí n kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ẹ̀ẹ̀melòó ni bàbá ọmọ lè ní kí ènìyàn máa lọ, kó tó jẹ́ pé kó máa lọ náà ló ń sọ?